Àpèjọ, Àpéjọ àti Àpèjẹ

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ènìyàn kò lè rìn láti Bọ́ládé ní Òṣòdì dé Ọkọ́ta ní Ìsọlọ̀ kí ó má rí i kà. Convocation ni ọ̀rọ̀ náà. Ó wà lára ògiri, ó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó wà lórí aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ta sókè títì láti òpó iná kan dé èkejì. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ó fẹ́ fi ọjọ́ méje gbàdúrà ń lò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó fẹ́ fi oyè dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́lá ń lò ó. Bí òjò bá fa orúkọ tí ó wà lókè irú ìwé ìkéde bẹ́ẹ̀ ya, ẹni tí ó ń kà á kò ní mọ̀ bóyá àlùfáà ni ó ń pe ènìyàn ni tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní Ìsọlọ̀, nítorí pé Yorùbá ni mo sì ń kọ́ ní yunifásítì, àwọn ará àdúgbò ti bi mí léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí ni a ń pe nǹkan yìí ní èdè wa. Àwọn tí ó ń bèèrè kò wá ìjìnlẹ̀ kankan. Ìwé ètò ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ Yorùbá nítorí àwọn ìyá àgbà tí ó wà nínú ìjọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ń bá ara wọn du àyè yìí, àmì ohùn kan àti fáwẹ́lì kan ni ó sì là wọ́n láàrin. Èyí tí a bá mú nínú wọn yóò sọ ohun tí a gbà pé ìpàdé náà jẹ́.

Kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nínú èdè Látìn, convocare ni kí a pe àwọn ènìyàn jọ sí ojú kan. Con dúró fún pípọ̀ pọ̀, vocare dúró fún ìpè. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó fi ojú jọ ọ́, tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ràn púpọ̀, èyí ni convention. Venire, tí í ṣe kí ènìyàn wá, ni ó wà nínú tirẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Àwọn tí ó wà ní convention ni ó wá. Àwọn tí ó wà ní convocation, a pè wọ́n ni. Bí a bá sì ti ní a pè wọ́n, a ti gbà pé ẹnì kan wà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti pè, àti pé ẹni tí a pè kò kàn lè kọ ìpè náà bí ó ṣe wù ú.

Inú ìjọ Kristẹni ni ọ̀rọ̀ yìí ti gba agbára kí ó tó di ti yunifásítì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ayé àtijọ́, méjì ni Convocation àwọn àlùfáà: ọ̀kan ní Canterbury, ọ̀kan ní York. Kì í ṣe ìsìn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni, bí ilé aṣòfin, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn aṣojú àlùfáà ti ń jíròrò òfin ìjọ, tí wọ́n sì ti ń fi ohùn sí owó orí tí àwọn àlùfáà yóò san fún ọba. Ní 1532, Ọba Henry Kẹjọ fi agbára mú wọn gbà pé wọn kò ní péjọ mọ́ láìjẹ́ pé òun fúnra òun fi ìwé pè wọ́n, wọn kò sì ní ṣe òfin kankan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Wọ́n gbà. Ẹ wo ohun tí ó ti inú èyí jáde. Ní 1717, nígbà tí àríyànjiyàn wọn dé ibi tí ìjọba kò fẹ́ gbọ́ mọ́, ìjọba kò pa Convocation rẹ́. Ó kàn dá a dúró. Láti ìgbà náà títí di 1852, ohun tí ó ju 130 ọdún lọ, wọ́n ń pè é gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n sì ń tú u ká láìjẹ́ kí ó jíròrò ohunkóhun. Àwọn àlùfáà ń bẹ, aṣọ ń bẹ, gbọ̀ngàn ń bẹ. Àṣẹ ni kò sí. Kò sí ẹ̀rí tí mo mọ̀ tí ó fi hàn jù báyìí lọ pé inú ìpè ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ náà wà, kì í ṣe inú èrò tí ó kún ibẹ̀.

Canterbury yìí kan náà ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864. Ní ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ní Oxford ìgbà náà, ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Convocation, tí í ṣe àpapọ̀ gbogbo àwọn tí ó ti gba oyè ọ̀gá nínú iṣẹ́-ọnà, ni agbára láti fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn lọ́lá wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni ó wá bá ọ̀nà méjèèjì tí ọ̀rọ̀ náà pín sí pàdé láàrin ọdún kan, ti ìjọ àti ti yunifásítì. Ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì wà, iṣẹ́ tí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń jà lónìí.

Bíbélì Yorùbá jáde lódindi ní 1884. Nínú orí kẹtàlélógún ìwé Léfítíkù, níbi tí a ti ka àwọn ọjọ́ ọlọ́wọ̀ Ísírẹ́lì, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní holy convocation ni Yorùbá pè ní apejọ mímọ́. Nínú ẹ̀dà àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ mi, kò sí àmì ohùn lórí fáwẹ́lì apejọ. Ẹni tí ó bá ń kà á sókè ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ yàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìjọ tí mo ti gbọ́ ọ ni wọ́n ń ka àpéjọ, pẹ̀lú ohùn òkè ní àárín. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí níbẹ̀. Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n túmọ̀ ni miqra, láti ara qara, tí í ṣe kí a pè. Ẹsẹ kejì orí náà tilẹ̀ lo ìpè yìí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ, àwọn atúmọ̀ wa sì fi pè síbẹ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan apejọ. Lójú tèmi, àpèjọ ni wọ́n ń sọ: ìjọpọ̀ tí a fi ìpè ṣe. Nínú ìwé Nọ́ḿbà orí kẹwàá, níbi tí a ti pàṣẹ fún Mósè pé kí ó fi fàdákà rọ ohun méjì tí yóò máa fi pe ìjọ, ìpè náà ni Yorùbá ń jẹ́ kí ohun èlò ọ̀hún máa jẹ́. Ohun tí a ń fọn, tí ó ń pe ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ni ìpè.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ nídìí gírámà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni a ní. Èkíní ni péjọ: "Ìlú péjọ." Èkejì ni pè...jọ, tí í máa ń là fún àbọ̀ láti wọlé sí àárín: "Ọba pe ìlú jọ." Ẹ wo ẹni tí ó jẹ́ olùwà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ti èkíní, ìlú ni olùwà. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá, kò sì sí ohun tí ó sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Nínú ti èkejì, ọba ni olùwà, ìlú ti di àbọ̀. Bí kó...jọ ti ń fún wa ní àkójọ, tí gbá...jọ ń fún wa ní àgbájọ tí a mọ̀ nínú òwe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pè...jọ ṣe ń fún wa ní àpèjọ. Kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀. Péjọ ní tirẹ̀ ń fún wa ní àpéjọ, pé yìí kan náà ni ó sì wà nínú àpérò. Pé tún ni kí nǹkan kún, kí ó má ku ẹyọ kan. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní àpéjọ ń ronú nípa bí èrò ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá ní àpèjọ ń ronú nípa ẹni tí ó pè wọ́n.

Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè rí ìyàtọ̀ yìí bí Òṣòdì. Ta ni ó pe èrò Òṣòdì jọ? Kò sí. Ojú irin kọjá níbẹ̀, títì kọjá níbẹ̀, ẹni tí ó ń lọ sí Ìkejà àti ẹni tí ó ń lọ sí Apápá ń pàdé níbẹ̀, ẹni tí ó ní omi tútù láti tà tẹ̀ lé wọn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tú wọn ká ní oṣù Kínní 2009. Wọ́n wó ọjà ńlá kan níbẹ̀ ní oṣù Kínní 2016. Wọ́n ṣí ibùdókọ̀ alájà tuntun ní oṣù Kẹrin 2019. Síbẹ̀ èrò ń péjọ. Àpéjọ gidi nìyẹn. Ohun tí a kò pè, ó ṣòro láti ní kí ó máa lọ ilé.

Ṣùgbọ́n ní Òṣòdì yìí kan náà, bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ó rí òdìkejì rẹ̀. Ládàánì yóò pe ìrun. Àwọn tí ó ń tajà yóò da aṣọ bo igbá, wọn yóò sì gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ. Orúkọ ọjọ́ náà, tí a yá láti inú èdè Lárúbáwá, kò ní ìtumọ̀ tí ó ju ìkójọpọ̀ lọ, ẹsẹ kẹsàn-án nínú súrà tí ó ń jẹ́ orúkọ ọjọ́ yìí sì so ìpè àti ìjọpọ̀ mọ́ra: nígbà tí a bá pe ìrun ọjọ́ Jímọ̀, kí onígbàgbọ́ fi òwò sílẹ̀. Mùsùlùmí Òṣòdì kò lo ọ̀rọ̀ convocation, ṣùgbọ́n bí mo bá ń wá ẹni tí ó yé jù ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ ìyá oníṣu tí ó da aṣọ bo igbá rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ lọ.

Àwa Yorùbá pàápàá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìpè kí ẹ̀sìn kankan tó dé. Akéde tí ó ń lu agogo yí ìlú ká kò lè lù ú nítorí pé agogo wà nílé rẹ̀. Ọba ni ó rán an. Bí ó bá lù ú láìjẹ́ pé a rán an, ẹjọ́ ńlá ni. Nínú ẹbí, olórí ẹbí ni ó ń pe mọ̀lẹ́bí jọ. Bí àbúrò bá fẹ́ kí wọ́n jókòó, ẹgbọ́n ni yóò lọ bá kí ẹgbọ́n pè wọ́n. Ẹ lọ sí ìpàdé ilẹ̀ ní ilé èyíkéyìí tí ó ti pẹ́ ní Ìsọlọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọn yóò ti bèèrè pé ta ni ó pè wá. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ó ń sọ bóyá ohun tí a bá fẹnu kò sí lè mú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó ni ó ti yí lórí kókó yìí kan náà, pé ẹni tí ó pe ìpàdé tí wọ́n ti ta ilẹ̀ kì í ṣe olórí ẹbí.

Ǹjẹ́ kí ni yunifásítì wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Oxford ni ó ti kọ́kọ́ gbà á fún ìgbìmọ̀ àwọn tí ó ti gba oyè, ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé àwọn yunifásítì mìíràn. Lónìí agbára Convocation ní Oxford ti dín kù púpọ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó wà nínú Congregation ni ó ń ṣe àkóso, inú ìpàdé Congregation pàápàá ni wọ́n ti ń fi oyè fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun ńlá tí ó kù fún Convocation ni yíyan Chancellor. Òun ni ó yan William Hague ní 2024. Bẹ́ẹ̀ ni congregation yìí, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń pe àwọn ará ìjọ tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, jẹ́ ìgbìmọ̀ olùkọ́ ní yunifásítì.

Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wa jogún méjèèjì. Ẹ gba òfin tí ó dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, ẹ wo ibi tí ó ti ń ka àwọn tí ó para pọ̀ jẹ́ yunifásítì náà. Chancellor wà níbẹ̀, Ìgbìmọ̀ Olùdarí wà níbẹ̀, Sẹ́néètì wà níbẹ̀. Congregation wà níbẹ̀, Convocation náà sì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ènìyàn tí ó wà láàyè, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ayẹyẹ. Àwọn olùkọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó ti gboyè tí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹnì kan láàrin ara wọn tí yóò jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Olùdarí. Ìpàdé Convocation tí a pè láti fi oyè fúnni, Chancellor ni òfin ní kí ó darí rẹ̀ bí ó bá wà níbẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti máa ń fi ọba aládé ṣe Chancellor, tí a óò fi rí ọba tí ó dé adé tàbí tí ó wé láwàní, tí ó jókòó sí àárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí gbogbo wọn dìde fún. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń wò yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni ọba náà wá ṣe níbẹ̀.

Nítorí náà, ayẹyẹ tí a ń lọ wò yẹn, ìpàdé ẹgbẹ́ kan ni. Ẹgbẹ́ náà ni ó ń jẹ́ Convocation. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọlé síbẹ̀ ní àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò yóò jáde ní ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀nà ẹgbẹ́ náà ti ṣí sílẹ̀ fún. Ó dá mi lójú pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó wọ aṣọ dúdú gbọọrọ náà, bóyá ni a lè rí márùn-ún tí ó mọ èyí. A kò sọ fún wọn. Iye tí wọn yóò san láti yá aṣọ náà ni a sọ fún wọn.

Pé ìpè ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, àwa ará Èkó rí i kedere ní oṣù Kẹta 2020. Yunifásítì Èkó ti múra sílẹ̀ fún ayẹyẹ Convocation rẹ̀ kọkànléláàádọ́ta. Ìwé ìpè ti jáde, àwọn òbí ti ra aṣọ, àwọn mìíràn ti wọkọ̀ láti ìlú òkèèrè. Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí wá fi ẹjọ́ sun pé wọn kò fi tó Ìgbìmọ̀ Olùdarí létí bí ó ti yẹ. Ó ku ọjọ́ mélòó kan péré kí ó bẹ̀rẹ̀ ni àṣẹ dé láti Àbújá pé kí wọ́n dá a dúró. Àrùn kòrónà sì bọ́ sí i, ó di 2021 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn tó rí oyè wọn gbà. Mo gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bú ẹ̀gbẹ́ kìíní, tí àwọn mìíràn ń bú ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn ní Akọka ni èyí tí olórí ẹbí ń bi mọ̀lẹ́bí ní Ìsọlọ̀: ta ni ó pè wá?

Ìpè kejì wà, òun ni ó dùn mí jù nítorí pé ó ń lọ kúrò lójú wa. Ìpè orúkọ ni. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, 104 ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní. Yunifásítì Èkó fi 131 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1962. Iye tí a lè pè ní oókan-oókan nìyẹn, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan yóò dún nínú gbọ̀ngàn, tí ẹni tí ó bí ọmọ yóò gbọ́. Ní 2021, àwọn tí Yunifásítì Èkó fi oyè fún nígbà kan ṣoṣo ju 10,000 lọ. Kò sí ẹnu tí ó lè pe 10,000 orúkọ. Ohun tí a ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ báyìí ni pé a óò pe àwọn tí ó gba ẹ̀bùn àti àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun, àwọn yòókù yóò sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wọn, a óò sọ gbólóhùn kan lé wọn lórí, wọn yóò sì jókòó. Mo ti jókòó láàrin àwọn olùkọ́ ní ọ̀pọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìyá kan tí ó wé gèlè, tí ó na ọrùn láti òwúrọ̀, tí ó ń bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ṣé wọ́n ti pe orúkọ ọmọ òun. Wọn kò ní pè é. Ìlú tí ó ń ki ènìyàn kí ó tó jẹun, tí onílù rẹ̀ ń pe orúkọ àlejò kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, ni ó wá ń ṣe àpèjọ tí a kò ti pe ẹnikẹ́ni.

Kò yà mí lẹ́nu nígbà náà pé ìdílé náà gbé ìpè tiwọn kalẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Lábẹ́ igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọn yóò ṣí kúlà ìrẹsì, wọn yóò pín aṣọ ẹbí kan náà wọ̀, ẹnì kan yóò sì kígbe orúkọ ọmọ náà tòun ti oríkì rẹ̀. Àpèjẹ nìyẹn. À-pè-jẹ: a pè wọ́n láti jẹ. Fáwẹ́lì kan ṣoṣo ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àpèjọ. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ó ti sọ ayẹyẹ ìmọ̀ di ìnáwó. Èmi kò bá wọn kórìíra rẹ̀. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò ní, òbí tí ó sì ti fi ọdún mẹ́rin ta ẹ̀wà ní Máfolúkù kí ọmọ tó ka ìwé yìí tán ní ohun tí yóò fi ṣe àpèjẹ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti pa ìpè orúkọ tì, ẹ jẹ́ kí ẹbí ṣe é.

Ìsọlọ̀ kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Níbí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1977 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí ó di Pólì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1986, tí ó kó olú ilé rẹ̀ lọ sí Ìkòròdú, tí ó sì di yunifásítì ní 2022. Ní ọ̀nà kan náà ni àwọn ìjọ ti ń dá yunifásítì sílẹ̀: àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ìwó ní 2001, Winners ní Ọ̀tà ní 2002, Ìràpadà ní 2005. Ní Ọ̀tà, orí ilẹ̀ ìjọ kan náà ni èrò ìsìn ọdọọdún àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gboyè ti ń jókòó. Ohun tí ó pínyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn ti tún padà sí ojú kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí èyí ni mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní kí ṣọ́ọ̀ṣì mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí yunifásítì mú tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbilẹ̀ jù fún ti yunifásítì báyìí ni ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, àwọn mìíràn a ní ìgboyèjáde. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni wọ́n, n kò ní kí a kó wọn dànù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́, ó gboyè, ó jáde. Kò sí ẹni tí ó pè é níbẹ̀, kò sì sí ibi tí ó wọ̀ sí. Ìta ni ó ń lọ. Ẹ tún wo oyè fúnra rẹ̀. Ìjòyè ní ìlú ń jẹ oyè; ọmọ ilé-ìwé ń gba oyè. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun jẹ B.A. Ẹni tí ó jẹ oyè ti ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀, bí ọba bá pè, ó di dandan kí ó lọ. Ẹni tí ó gba oyè ti gba ohun tí ó wá gbà, ó ti lọ ilé. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin yunifásítì, bí mo ti sọ, fẹ́ kí ó sún mọ́ ti ìjòyè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó ń ta kò mí ní ọ̀rọ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó ń sọ àpèjọ lórí rédíò, àpéjọ ni gbogbo ènìyàn mọ̀, èdè sì jẹ́ ti ẹni tí ó ń sọ ọ́. Òótọ́ ni pé àpéjọ ni ó gbòde. Ṣùgbọ́n pe...jọ kò kú; kò sí ọjọ́ tí a kì í gbọ́ pé ẹnì kan pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ tàbí pé alága pe ẹgbẹ́ jọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà láàyè lè bí ọmọ nígbàkígbà. Wọ́n tún ní àmì ohùn kan kò tó ohun tí a lè gbé irú ẹrù yìí lé lórí, nítorí àwọn tí ó ń tẹ ìwé ètò kì í fi àmì sí i. Èyí ni mo fi ń bá wọn jà, nítorí ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú èdè wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àmì sí àpèjọ kò yẹ kí ó tẹ ìwé tí igbá, igba àti ìgbá wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo fún ìjọ tí ó bèèrè lọ́wọ́ mi nìyí, òun náà ni n óò fún yunifásítì bí wọ́n bá bèèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ni ó lè wá, tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àpéjọ ni, ohùn òkè ni kí a fi sí àárín rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bíṣọ́ọ̀bù tàbí Chancellor ni ó pe àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, tí ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ sì ń de ẹni tí kò wá pàápàá, àpèjọ ni, ohùn ìsàlẹ̀. Kí ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè dúró fún wákàtí tí a ń fi oyè fúnni nínú àpèjọ náà. Kí ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ Convocation nínú òfin máa jẹ́ Ẹgbẹ́ Àpèjọ, kí a sì tẹ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé kìíní ìwé ètò, kí ọmọ tí ó yá aṣọ lè kà á nígbà tí ó bá ń dúró de ìgbà tí wọn yóò ní kí ó dìde. Ní ti káàdì tí a óò fi pe ènìyàn wá jẹ ìrẹsì lábẹ́ igi, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, a kò ní láti wá òmíràn fún un.